Ká Ní Ìhìnrere Kò Dé Yúróòpù, Ká Ní Kò Dé Agége



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi ara wọn ní ibi iṣẹ́ àti ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ gbé wá síwájú àlùfáà. Wọn a ní: Bí ẹ̀sìn Kristi kò bá dé Yúróòpù rárá, ṣé àwọn òyìnbó kì bá tí ní ọkọ̀ ojú irin, iná mànàmáná àti oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ní yìí? Tàbí ẹ̀sìn gan-an ni ó tilẹ̀ dá wọn dúró fún ìgbà pípẹ́? Wọn a sì fi kún un pé: Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ tiwa náà ńkọ́? Kí ni ì bá dín kù ní Ìkẹjà àti ní Agége?

Kò yẹ kí á fi ìbínú dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, nítorí ìgbàgbọ́ tí ó ń sá fún ìbéèrè kò tíì ta gbòǹgbò. Kò sì yẹ kí á fi ìfọ́nnu dá a lóhùn. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, kò sí ojú tí ó rí i. Ṣùgbọ́n bí a kò tilẹ̀ lè rí Yúróòpù tí Ìhìnrere kò dé, a lè wo ìgbà tí ọba kan gbìyànjú láti dá a padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́. A lè wo ìgbà tí àwọn ìjọba kan gbìyànjú láti fa ẹ̀sìn náà tu. A sì lè wo ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, níbi tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí Ìhìnrere fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti òní yóò ti wá.

Kí á kọ́kọ́ fi ti olúkúlùkù fún un

Ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là, omi tí wọ́n fà wọ ìlú, àti òfin tí wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́, gbogbo wọn ni ó ti wà kí Ìjọ tó wà. Euclid, ará Gíríìkì, ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìwọ̀n ní nǹkan bí 300 ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Àwọn ará Ṣáínà ṣe pépà, wọ́n sì ń tẹ ìwé, kí Yúróòpù tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ìmọ̀ sì dín kù ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, òótọ́ ni pé àwọn mọ́ńkì Benedict Mímọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ da ìwé kọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pẹ̀lú pé àwọn ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá pa ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ará Gíríìkì mọ́, tí ìwé wọ̀nyí sì gba ìlú Toledo ní Sípéènì padà sí Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1100 sí 1200. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní láìsí Ìjọ kò lè sí ẹ̀rọ, ó ń fún Ìjọ ní oyè tí Kristi kò fi jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọ̀dọ̀ tiwa. Kí Fádà kankan tó gúnlẹ̀ ní etíkun wa, àwọn baba wa ti tẹ ìlú dó, wọ́n ti ń yọ́ irin, wọ́n ti ń hun aṣọ, àwọn ará Ifẹ̀ sì ti ń fi idẹ rọ orí àwọn ọba tí gbogbo ayé ń wò títí di òní. Wọ́n ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí olúkúlùkù fi ń bọ òrìṣà rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ti wà láàárín wa, wọ́n ń ṣe sàráà, wọ́n sì ń yọ sàká. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó bá àwọn baba wa ní ipò ẹranko. Kí wá ni Ìhìnrere fi kún un?

Ọba tí ó fẹ́ yí ọwọ́ padà

Ní ọdún 361, Julian jọba ní Róòmù. Ìbátan Constantine ni, a sì tọ́ ọ dàgbà nínú ẹ̀sìn Kristi, ṣùgbọ́n ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni, akíkanjú sì ni. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ ọba rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà àtijọ́. Ó ṣí àwọn ojúbọ, ó sì mú ẹbọ rírú padà bọ̀ sípò. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé nǹkan kan ṣe aláìní. Ó kọ ìwé sí Arsacius, olórí àwọn àwòrò ní ilẹ̀ Galatia, ó sì sọ fún un pé ohun ìtìjú ni pé àwọn ará Galili, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pe àwọn onígbàgbọ́, ń bọ́ tálákà tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ tálákà àwọn tí kì í ṣe tiwọn. Ó pàṣẹ kí wọ́n kọ́ ilé àlejò sí gbogbo ìlú, ó sì fi ọkà àti wáìnì ránṣẹ́ kí wọ́n lè fi ṣe ìtọ́jú àjèjì àti alágbe.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àwọn ojúbọ Róòmù lówó, wọ́n lọ́lá, wọ́n sì ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn ará Róòmù kò sì ṣàì mọ ìtọ́jú aláìsàn: wọ́n ní ilé ìtọ́jú fún ọmọ ogun, àwọn olóko ńlá sì ní i fún ẹrú wọn. Ọmọ ogun wúlò lójú ogun, ẹrú sì wúlò lóko. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, tí kò ní ìyekan, tí kò sì ní ohun tí yóò san, ta ni yóò gbé e dìde?

Ní nǹkan bí ọdún 252, àjàkálẹ̀ àrùn wọ Carthage, ìlú Áfíríkà tí ó wà ní Tùnísíà òde òní. Àwọn ènìyàn ń ju aláìsàn wọn sí ìta. Cyprian Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, kó agbo rẹ̀ jọ, ó sì kọ́ wọn pé bí wọ́n bá tọ́jú àwọn ará wọn nìkan, wọn kò tíì ṣe ohun tí ó ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí wọ́n tọ́jú àwọn tí ń ṣe inúnibíni sí wọn pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún 370, Basil Mímọ́ kọ́ ilé ńlá kan sí ẹ̀yìn ìlú Caesarea fún aláìsàn, àlejò àti adẹ́tẹ̀. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni Julian ti rí kí Basil tó kọ́ ilé náà, tí ó sì fẹ́ láti mú wọ inú ẹ̀sìn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kú lójú ogun Páṣíà ní ọdún 363.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ní Áfíríkà ni Cyprian ti ń kọ́ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kò tíì gbọ́ orúkọ Jésù. Ọdún 597 ni Augustine ará Róòmù àti àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Kent láti wàásù fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú Lithuania, ọdún 1387 ni ìtẹ̀bọmi gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ẹ̀sìn Kristi ní ẹ̀sìn òyìnbó. Àlejò ni ó jẹ́ ní Yúróòpù pẹ̀lú.

Àwọn ìjọba tí ó pa ọjọ́ Olúwa rẹ́

Ní ọdún 1793, àwọn tí ó dojú ìjọba dé ní ilẹ̀ Faransé ṣe kàlẹ́ńdà tuntun. Wọ́n pa ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tì, wọ́n sì sọ ọ́ di ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, kí Ọjọ́ Ìsinmi lè di ohun ìgbàgbé. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí ó ń kà á ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹni tí ó ń sinmi ní ọjọ́ kan nínú méje wá ń sinmi ní ọjọ́ kan nínú mẹ́wàá. Àwọn ènìyàn kò gbà á tọkàntọkàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1806, Napoleon fi òpin sí kàlẹ́ńdà náà.

Ní ọdún 1929, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní Rọ́ṣíà ṣe irú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ má ṣe dúró rárá, nítorí náà wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀nà márùn-ún, olúkúlùkù sì ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ọkọ lè má bá ti aya mu; bí bàbá bá wà nílé, ọmọ lè wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ kò sinmi, ìdílé kò sì rí ara wọn. Ní ọdún 1940, wọ́n dá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje padà, pẹ̀lú ọjọ́ Sunday gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi.

Nínú òfin tí Ọlọ́run fún Mose, a kò pàṣẹ ìsinmi fún baálé ilé nìkan. A dárúkọ ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin, a dárúkọ ẹran ọ̀sìn, a sì dárúkọ àlejò tí ó wà nínú ibodè. Ọ̀gá lè sinmi nígbàkigbà tí ó bá wù ú. Ìránṣẹ́ ni ó nílò òfin. Nígbà tí Constantine pàṣẹ ní ọdún 321 pé kí àwọn adájọ́, àwọn ará ìlú àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sinmi ní ọjọ́ náà, ó yọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà òfin rẹ̀ kò pé. Síbẹ̀ ó sọ ọ́ di òfin ìlú pé ọjọ́ kan wà tí a kì í fi ọwọ́ ènìyàn ṣiṣẹ́ bí ẹni fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́.

Agége àti Ìkẹjà wa

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á bọ̀ wálé. Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó sì gba Agége kọjá lọ sí òkè. Nítorí òwò ni, kì í ṣe nítorí Ìhìnrere. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́. Nítorí iṣẹ́ àti èrè ni. Bí Ìjọ kò bá tilẹ̀ sí, ó ṣeé ṣe kí ojú irin àti ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wà.

Kòkó ńkọ́? Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, oníṣòwò ará Èkó tí ó jẹ́ onígbàgbọ́, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker dá oko tirẹ̀ ní Ìfàkò. Ó wà lára àwọn aṣáájú tí ó dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1901, nígbà tí wọ́n yapa kúrò ní ìjọ Àǹgílíkà ní Èkó. Ní ọdún 1907 wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, ẹ̀kọ́ wọn lórí ìgbéyàwó kò sì bá tiwa mu. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni òtítọ́ í jẹ́, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é.

Alágbàṣe wá sí oko wọn láti òkè. Èrè ni àwọn olóko ń wá, kí á má purọ́. Ṣùgbọ́n oko àti ìjọ jọ ń rìn pọ̀ ni, alágbàṣe tí ó bá sì wá kò bá owó iṣẹ́ nìkan lọ. Ó mọ bí a ti ń gbin kòkó, ó gbé irúgbìn lọ sí ìlú rẹ̀, ó sì di olóko fúnra rẹ̀. Lára ọ̀nà tí kòkó gbà tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Kòkó ì bá gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní ilẹ̀ Gánà, Tetteh Quarshie mú un wá ní ọdún 1879. Ohun tí ó yẹ kí á rò ni pé ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ lè fi iṣẹ́ pamọ́ fún un, tàbí kí ó fi iṣẹ́ kọ́ ọ. Níbi tí a ti ka alágbàṣe sí arákùnrin, kò pẹ́ tí òun náà fi di olóko.

Ní apá ti Ìjọ tiwa, ẹ rántí Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1895, àwọn Fádà ẹgbẹ́ SMA dá ilé-ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Láńtòro. Fádà Coquard, ọmọ Faransé, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kì í ṣe ará Ẹ̀gbá, kò sì ní ìyekan níbẹ̀. Àjèjì ni ó ń tọ́jú àwọn tí ó jẹ́ àjèjì sí i.

Ẹ̀bi tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀

Ọ̀dọ́ tí ó gbọ́n yóò dá wa dúró níhìn-ín. Yóò ní: Àwọn tí ó ra àwọn baba wa ní ẹrú ńkọ́, ṣé wọn kì í ṣe onígbàgbọ́ ni? Òótọ́ ni ó sọ. Ní ọdún 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba Pọtogí ní ìwé tí ó gbà á láàyè láti sọ àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ di ẹrú. Ní ọdún 1821, a kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣóògùn. Àwọn aládùúgbò wa ni ó kó o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn Pọtogí ni a tì í sí ní Èkó ní ọdún 1822. Òun ni ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Òótọ́ ni pé Póòpù Paul Kẹta ti sọ̀rọ̀ lòdì sí sísọ àwọn ará Amẹ́ríkà di ẹrú ní ọdún 1537, àti pé Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún dẹ́bi fún òwò ẹrú ní ọdún 1839. Ṣùgbọ́n ọdún 1888 ni Bràsíl, ilẹ̀ Àgùdà, tó dá ẹrú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2023 ni Fatíkáànì kéde pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ènìyàn gbé ka irú ìwé 1452 yẹn kì í ṣe ara ẹ̀kọ́ Ìjọ.

Bí a bá fẹ́ mọ bí Yúróòpù tí kò ní Ìhìnrere yóò ti rí, kí á wo inú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn tí ń wà á ti gba ìtẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò ní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ìhìnrere dé etí wọn, kò dé ọwọ́ wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Láàárín àwọn tí a kó lọ sí Bràsíl, àwọn kan padà wá sí Èkó pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí a ń pè ní Pàdré Antonio. Kì í ṣe àlùfáà. Ẹni tí ó ti ṣe ẹrú rí ni. Òun ni ó ń kó àwọn Àgùdà jọ fún àdúrà, tí ó sì ń tẹ ọmọ wọn bọ omi. Nígbà tí Fádà Borghero bẹ Èkó wò ní ọdún 1863, ó bá agbo Kristi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 1868 ni àlùfáà tó wá jókòó. Àwọn tí ó ra ènìyàn gbé àgbélébùú kọ́ ọrùn. Ẹni tí wọ́n rà ni ó gbé e sí ọkàn.

Ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá

Àwọn àgbà ní ènìyàn ni aṣọ mi. Òwe dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ku ìbéèrè kan: ẹni tí kò ní ènìyàn ńkọ́, ta ni yóò daṣọ bò ó? Ìhìnrere kò kọ́ wa láti fẹ́ràn ìyekan wa. A ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ wa pé ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́dọ̀ wa, Kristi fúnra rẹ̀ ni. Ohun tí Julian rí tí ojú fi tì í nìyẹn, òun náà sì ni ọkọ̀ ẹrú fi ṣe aláìní.

Ìkẹjà àti Agége kún fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbogbo ìlú wá, wọ́n gba yàrá kan nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orílẹ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ yóò tọ́jú òṣìṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì wúlò, gẹ́gẹ́ bí olóko Róòmù ti ń tọ́jú ẹrú. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gé ìka rẹ̀, tàbí tí a bá ní kí ó máa lọ, ni a ó mọ̀ bóyá Ìhìnrere ti dé àdúgbò náà tàbí kò tíì dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi ṣe ọ̀gá, ẹ san owó òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kí ó tó di ọ̀la. Póòpù Leo Kẹtàlá ti kọ́ wa láti ọdún 1891 pé owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó fún òṣìṣẹ́ láti jẹun, àti pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá lè dúró ní ọjọ́ Olúwa, ẹ pín in kí olúkúlùkù lè rí àyè gbọ́ Mísà kí ó sì rí ìdílé rẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà láàárín yín fún oṣù kan láìmọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, aláìsàn tí ó wà ní yàrá kejì, tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ wa, ti yín ni pẹ̀lú.

Bí ọ̀dọ́ kan bá tún béèrè ohun tí ì bá dín kù ní Agége ká ní Ìhìnrere kò dé, kí á má ṣe nawọ́ sí ẹ̀rọ tàbí ilé gíga. Kí á lè nawọ́ sí ẹnìkan tí kò ní ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀, tí ó sì ti ní ènìyàn báyìí. Bí a kò bá rí ẹyọ kan nawọ́ sí, a jẹ́ pé ọ̀dọ́ náà ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀.

Ìbéèrè fún àṣàrò nínú ilé

1. Kí ni Julian rí nínú ìwà àwọn onígbàgbọ́ tí kò rí nínú àwọn ojúbọ rẹ̀?
2. Èéṣe tí òfin ìsinmi fi dárúkọ ìránṣẹ́ àti àlejò? Ta ni a lè dárúkọ bẹ́ẹ̀ ní ibi iṣẹ́ wa?
3. Ta ni ó wà ní ilé tàbí ní òpópónà wa tí kò ní ìyekan nítòsí? Kí ni a ó ṣe fún un kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?

Kí Ọlọ́run Olódùmarè, tí ó sọ wá di ọmọ nígbà tí a jẹ́ àjèjì sí i, fún wa ní ojú láti rí àjèjì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.